Àṣàrò

Ní ọ̀pọ̀ ìjọ, tí a bá ti ka ìwé ìfọkànsìn òwúrọ̀ tán, a ó ní a ti ṣe àṣàrò. Kíkà la kà. “Ṣà” àti “rò” ló wà nínú ọ̀rọ̀ náà: èèyàn á ṣa ohun kan, á sì máa rò ó lọ rò ó bọ̀. (Ẹni tó bá gbójú fo àmì, àsáró tí a fi iṣu sè ló kọ.)

Guigo Kejì, mọ́ńkì kan ní ilẹ̀ Faransé ní sẹ́ńtúrì 12, pín ìfọkànsìn sí ìpele mẹ́rin: kíkà ni àkọ́kọ́, àṣàrò tẹ̀ lé e, àdúrà tẹ̀ lé ìyẹn, kí ọkàn tó wá sinmi lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Nítorí náà àṣàrò kì í ṣe àdúrà, bó tilẹ̀ ń ṣílẹ̀kùn fún un.

Ìrònú gan-an la máa ń pe àṣàrò jù. Ṣùgbọ́n ìrònú lè jẹ́ ti gbèsè tàbí ti ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá. Kò sẹ́ni tó yàn án. Èèyàn ló ń yan àṣàrò, kò sì ní sọ ọkàn rẹ̀ dòfìfo láti ṣe é. Jóṣúà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ipò Mósè gbọ́dọ̀ ṣe é tọ̀sán-tòru, kó lè mọ bí yóò ṣe hùwà.

A lè sọ pé: “Alága ẹgbẹ́ akọrin ṣe àṣàrò lórí ẹsẹ Bíbélì kan ṣoṣo kó tó fèsì ìwé ẹ̀sùn náà.”