Bọ́ílà Omi Nígbà Ọyẹ́: Bí A Ṣe Ń Lò Ó àti Ohun Tí A Lè Ṣe Bí Kò Bá Ṣiṣẹ́

Nígbà ọyẹ́, ìdájí ni òtútù máa ń mú jù ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, ìgbà náà gan-an ni a sì ń dìde ṣe àlùwàlá fún ìrun Súbúhì, tí àwọn ọmọ ń wẹ̀ lọ sílé ìwé. Ilé díẹ̀ ló ní ẹ̀rọ tó ń mú yàrá móoru nílùú wa. Bọ́ílà, irin lílọ́ tí a ń kì bọ inú omi, ni ti ọ̀pọ̀ ìdílé àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH tó ń gbé ìta ọgbà. Òun ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Inú omi ni kí bọ́ílà kọ́kọ́ wà kí ẹ tó kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Bí omi bá gbóná tán, ẹ pa á, ẹ yọ ọ́ lára ògiri, ẹ dúró díẹ̀ kí ẹ tó fa irin jáde. Bọ́ílà tí iná wà lára rẹ̀ láìsí nínú omi lè bẹ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ má ṣe fi ìka tọ́ omi wò nígbà tí iná ṣì wà níbẹ̀. Ẹ gbé igi gbígbẹ dábùú ẹnu korobá, kí ẹ fi bọ́ílà kọ́ ọ, kí irin má bàa kan ike. Àwọn kan ní korobá irin ló dára jù nítorí pé kì í yọ́. A ò gbà bẹ́ẹ̀: bí bọ́ílà bá ń jo iná, gbogbo ara korobá irin ni iná máa wà.

Èyí tó ń bà wá lẹ́rù jù ni iná tí wọ́n mú lọ. Bàbá kì bọ́ílà bọ omi ní aago márùn-ún, NẸ́PÀ mú iná lọ (orúkọ ti di IBEDC, ẹnu wa ò tíì kúrò níbẹ̀), ó fi omi tútù ṣe àlùwàlá, ó gba mọ́sáláṣí lọ. Kò pa sọ́kẹ́ẹ̀tì. Iná dé lẹ́yìn rẹ̀, omi hó, omi gbẹ, ike yọ́, ó kan kọ́tìnì. Oṣù January 2020 ni ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ jóná. Ohun yòówù kó dá tiẹ̀ sílẹ̀, ará Ọ̀yọ́ mọ bí iná ṣe ń yára rìn nígbà ọyẹ́. Bí iná bá ti lọ, ẹ yọ bọ́ílà lára ògiri lójú ẹsẹ̀.

Bí kò bá gbóná ńkọ́? Ẹ fi ṣájà fóònù dán sọ́kẹ́ẹ̀tì wò. Bí ìyẹn bá ṣiṣẹ́, ẹ tú plug, ẹ wo fíúsì 13 inú rẹ̀, kí ẹ sì wò ó bóyá wáyà ti tú tàbí ó ti jó dúdú. Bí gbogbo rẹ̀ bá pé, kí oníṣẹ́ iná fi tẹ́sítà wọn irin náà: bọ́ílà 1,000 wáàtì yẹ kó fi nǹkan bí 53 ohm hàn. Bí kò bá fi nǹkan kan hàn, irin inú ti já, kò ní àtúnṣe.

Bó bá ń gbóná ṣùgbọ́n ó ń pẹ́, ó lè jẹ́ pé bọ́ílà kò ní ẹ̀bi kankan. Bọ́ílà 1,000 wáàtì máa ń lo nǹkan bí ìṣẹ́jú 14 láti mú omi lítà 10 kúrò ní 20°C dé 40°C bí iná bá pé 230 fólítì. Bí iná bá rẹlẹ̀ dé 160, agbára rẹ̀ kò tó ìdajì mọ́, omi náà á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ohun funfun tó ń lẹ̀ mọ́ irin náà, pàápàá látinú omi kànga àti ti bóhùlù, máa ń dá ooru dúró. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi ọsàn wẹ́wẹ́, ẹ fọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n bí omi bá ń gbéni, tàbí irin bá ti sán, ẹ jù ú nù, kódà bó ṣì ń gbóná.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré kò lè gbé e. Ní April 2024 tí owó iná Band A di náírà 225 fún yúníìtì kan, omi lítà 10 yẹn kọjá náírà 50. Ilé ẹlẹ́ni mẹ́fà, ó lé ní 300 ní àárọ̀ kan. Wọ́n dín owó náà kù díẹ̀ ní May.

Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ amúyàrá-móoru, kó gbé e jìnnà ní mítà kan sí kọ́tìnì, bẹ́ẹ̀dì àti ẹní ìkírun, kó má sì lo extension fún un. Iná èédú kò yẹ yàrá tí a tì pa rárá. Èéfín rẹ̀ tí a kò rí máa ń pani lójú oorun. Ẹni tí kò rí ọ̀nà mú omi gbóná, tí omi tútù sì lè ṣe é ní jàǹbá gidi, kó bi Alfa rẹ̀ nípa tayamọ́mù. Nínú hadith tí Abu Daud gbà wá, Amr ọmọ al-As ṣe é ní òru olótùútù kan tí janaba mú un, Ànábì (kí ikẹ́ àti ọlà Allah máa bá a) sì rẹ́rìn-ín, kò bá a wí.

Bí iná bá gbé ènìyàn, ẹ má ṣe fọwọ́ kàn án. Ẹ pa iná láti ìdí mítà, tàbí kí ẹ fi igi gbígbẹ tì í kúrò. Nínú ilé ìwẹ̀, omi tútù ni kó kọ́kọ́ wọ inú korobá kí ẹ tó bu gbígbóná sí i, pàápàá fún ọmọdé. Bó bá sì jó ọmọ, ẹ máa da omi tútù sí ojú ibẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, kì í ṣe epo pupa, ẹyin tàbí ọṣẹ ìfọyín, kí ẹ tó gbé e lọ sí ọsibítù.