Èdè Ogu ń wá àyè lórí fóònù: ohun tó yẹ kéèyàn mọ̀

Láti Ajangbadi sí Ìbà títí dé Okokomaiko, èdè kan ṣoṣo kọ́ ló ń dún létí èèyàn lójúmọ́. Àwọn Àwórì ló tẹ ibẹ̀ dó, Yorùbá láti ibi gbogbo sì ti bá wọn gbé. Àwọn Ìgbò pọ̀ nítorí ọjà Alaba, Gẹ̀ẹ́sì àti pijin ni wọ́n sì fi ń ná ọjà. Èdè kan tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rántí kà mọ́ ọn, ìyẹn Ogu, tí Yorùbá máa ń pè ní Ègùn. Àwọn tó ń sọ ọ́ wà láti agbègbè Ọ̀jọ́ lọ sí Àgbádárìgì, títí wọ Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, ní orílẹ̀-èdè Benin.

Tẹ́ ẹ bá ṣí ẹ̀rọ ìtumọ̀ Google, ẹ ó rí i pé Yorùbá ti wà níbẹ̀ láti oṣù Kejìlá ọdún 2013. Ewe, tó jẹ́ ìbátan Ogu, wọlé lọ́dún 2022. Nígbà tó di oṣù Kẹfà ọdún 2024, Google fi èdè 110 kún un lẹ́ẹ̀kan náà, Fọ̀n tó tún sún mọ́ Ogu ju Ewe lọ sì wà nínú wọn. Ogu kò sí lára àwọn 110 náà.

Ṣé Ogu wà nínú ewu ni?

Èdè náà kò tíì kú o. Wọ́n ń sọ ọ́ nílé, lọ́jà àti létí omi. Àmọ́ kì í ṣe ọjọ́ tí àgbà tó gbọ́ ọ gbẹ̀yìn bá kú ni èdè ń kú. Ọjọ́ tí òbí bá ti ń fi èdè mìíràn bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ni ikú náà ti bẹ̀rẹ̀.

Iléèwé náà kò fi bẹ́ẹ̀ ran Ogu lọ́wọ́. Òfin tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe lọ́dún 2018 sọ kíkọ́ Yorùbá di dandan fáwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama. Ìyẹn dára fún Yorùbá, àmọ́ ọmọ Ogu ní láti kọ́ Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì kí tirẹ̀ tó kàn. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ìjọba fagi lé e, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n fi máa kọ́ni. Bí iléèwé kò bá fún èdè láyè, orí fóònù tí ọmọ ń wò látàárọ̀ di ọ̀kan lára ibi tó ṣẹ́ kù.

Kí ni ẹ̀rọ nílò kó tó lè gbọ́ èdè?

Àkọ́kọ́ ni orúkọ tí kọ̀ǹpútà mọ̀. Gbogbo èdè ló ní àmì lẹ́tà mẹ́ta lábẹ́ ètò tí wọ́n ń pè ní ISO 639-3. Ti Yorùbá ni yor, ti Fọ̀n ni fon, ti Ogu ni guw. Èyí ti wà nílẹ̀, kò sí wàhálà níbẹ̀. Kódà Wikipedia ní èdè Ogu ti wà, àmì guw yìí ló sì bẹ̀rẹ̀ àdírẹ́sì rẹ̀.

Ìkejì ni lẹ́tà. Nọ́ńbà ni kọ̀ǹpútà mọ̀, kò mọ lẹ́tà. Ètò Unicode ló fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Lẹ́tà ẹ ní nọ́ńbà, ọ náà ní, àmọ́ ẹ́ tó ní àmì ohùn lórí kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ẹnì kan lè tẹ ẹ kó wá fi àmì lé e, ẹlòmíràn lè tẹ é kó wá fi àmì sísàlẹ̀. Lójú èèyàn, ọ̀kan náà ni. Lójú kọ̀ǹpútà tí wọn kò tíì kọ́, ọ̀rọ̀ méjì ni. Ìdí nìyí tẹ́ ẹ fi máa ń wá ọ̀rọ̀ tó wà lójú ìwé tí ẹ̀rọ á ní òun kò rí i. Ìṣòro yìí kan Yorùbá àti Ogu.

Ti Ogu tún le sí i, torí ààlà pín ìkọ̀wé rẹ̀ sí méjì. Àwọn tó wà ní Nàìjíríà ń lo ẹ àti ọ bíi ti Yorùbá, àwọn ti Benin sì ń lo ɛ àti ɔ. Ìwé tí wọ́n kọ ní Àgbádárìgì àti èyí tí wọ́n kọ ní Àjàṣẹ́ dà bí èdè méjì lójú ẹ̀rọ. Ẹni tó bá mọ sọ́fítíwíà lè kọ ètò kékeré kan tí yóò máa yí ìkíní padà sí ìkejì, kí ìwé tó wà nílẹ̀ lè pọ̀ sí i láì kọ tuntun.

Ìkẹta ni ọ̀rọ̀ àti ohùn. Ẹ̀rọ ìtumọ̀ ń kọ́ èdè látinú ẹgbẹẹgbẹ̀rún gbólóhùn tó ní ìtumọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ohùn sì nílò ọ̀pọ̀ wákàtí ọ̀rọ̀ tí èèyàn sọ, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ ohun tó sọ gan-an. Àmì ohùn ṣe pàtàkì níbí. Ẹni tó bá kọ “oko” láìsí àmì kankan, ẹ̀rọ kò ní mọ̀ bóyá ọkọ ìyàwó, ọkọ̀ tó ń ná Mile 2, ọkọ́ tí wọ́n fi ń ro ilẹ̀ tàbí oko fúnra rẹ̀ ló ń wí. Èdè olóhùn ni Ogu náà.

Báwo ni Fọ̀n ṣe ṣe é?

Ilé iṣẹ́ ńlá kọ́ ló kọ́kọ́ gbé Fọ̀n dìde. Lọ́dún 2020, Bonaventure Dossou, ọmọ Benin, àti Chris Emezue, ọmọ Nàìjíríà, tí wọ́n ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nígbà náà, kó gbólóhùn Fọ̀n àti Faransé jọ, wọ́n fi kọ́ ẹ̀rọ ìtumọ̀ tí wọ́n pè ní FFR. Lọ́dún 2021, wọ́n gbé OkwuGbé jáde, iṣẹ́ lórí ẹ̀rọ tó ń gbọ́ Fọ̀n àti Ìgbò. Àwọn méjèèjì tún wà nínú Masakhane, àwùjọ àwọn ọmọ Áfíríkà tó ń ṣiṣẹ́ lórí èdè Áfíríkà fún kọ̀ǹpútà.

Ilé iṣẹ́ rédíò tó ṣe tirẹ̀

Ní Kaitaia, lápá àríwá New Zealand, ilé iṣẹ́ rédíò àwọn Māori kan wà tó ń jẹ́ Te Hiku Media. Lọ́dún 2018, wọ́n ké sáwọn olùgbọ́ wọn pé kí wọ́n wá fi ohùn ka gbólóhùn sílẹ̀. Láàárín ọjọ́ 10, nǹkan bí èèyàn 2,500 jáde, wọ́n ka gbólóhùn tó lé ní 200,000. Ohùn tó ju wákàtí 300 lọ ni wọ́n rí kó jọ, wọ́n sì fi kọ́ ẹ̀rọ tó ń gbọ́ èdè Māori.

Wọn kò kó ohùn náà lé ilé iṣẹ́ ilẹ̀ òkèèrè lọ́wọ́. Wọ́n kọ ìwé àṣẹ tiwọn, tó sọ pé àwọn tó ni èdè náà ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jèrè rẹ̀.

Ibi tí agbára ẹ̀rọ mọ

Ohun tí wọ́n bá fi bọ́ ẹ̀rọ ló máa ń pọ̀ jáde. Ní ọ̀pọ̀ èdè kékeré, ìwé ẹ̀sìn ló pọ̀ jù lọ nílẹ̀. Ẹ̀rọ tó bá ka ìyẹn nìkan á mọ wòlíì àti àpọ́sítélì, kò ní mọ iye tí wọ́n ń ta ẹja. Ọ̀rọ̀ ọjà, ti àwọn apẹja, àwàdà àti àlọ́ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀.

Ẹ̀rọ náà kò lè bá ọmọ sọ̀rọ̀ dípò ìyá rẹ̀. Ohun tó lè ṣe ni pé kí ọmọ tó ti gbọ́ èdè náà nílé má bàa rò pé èdè ilé lásán ni.

Ohun tí ará àdúgbò lè bẹ̀rẹ̀ lónìí

Kò dìgbà téèyàn bá kàwé nípa kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá ní fóònù lè gba ohùn àgbà sílẹ̀ níbi tí ariwo kò sí. Kó kọ́kọ́ tọrọ àyè, kó sì sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe fún un. Kó kọ orúkọ ìlú, ọjọ́ àti ohun tí wọ́n sọ̀rọ̀ lé lórí sílẹ̀, kó sì tọ́jú rẹ̀ sí ibi méjì ó kéré tán, torí fóònù lè sọnù. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kọ lè bá wọn ṣàtúnṣe Wikipedia èdè Ogu. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà pọ̀ ní LASU tó wà ní Ọ̀jọ́ níbí. Iṣẹ́ yíyí ɛ sí ẹ tó wà lókè yẹn, ìdánwò àkọ́kọ́ tó dára ni fún wọn.

Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé (UN) ti ya ọdún 2022 sí 2032 sọ́tọ̀ fún èdè àwọn ọmọ onílẹ̀ káàkiri àgbáyé. Èyí tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ kò pọ̀ mọ́, àwọn àgbà tó gbọ́ Ogu dáadáa sì ṣì wà láàyè láti sọ ọ́ sétí ẹ̀rọ.