Ohun tí Awakọ̀ Ọkọ̀ Ojú Irin Ń Rí Láàárín Èkó àti Ìbàdàn

Ẹni tó wọ ọkọ̀ ojú irin tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ló ń rí: igi ń sá sẹ́yìn, ilé ń sá sẹ́yìn, àwọn ọmọdé ń juwọ́. Kò rí ibi tí wọ́n ń lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò rí irin tó gbé e dúró. Awakọ̀ nìkan, pẹ̀lú ẹni tó ń koná fún un láyé ọkọ̀ eléèéfín, ló ń rí ọ̀nà fúnra rẹ̀ bó ṣe ń ṣí sílẹ̀ níwájú. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìran tí awakọ̀ ń rí yìí ti pẹ́ tó ti di ohun tí gbogbo ayé ń wò. Ní ọdún 1898, wọ́n gbé ẹ̀rọ ayàwòrán sí iwájú ọkọ̀ tó ń kọjá lẹ́bàá ilé olódi Conwy ní Wales, àwọn aráàlú sì ń sanwó wọ gbọ̀ngàn láti wo bí ọ̀nà ṣe ń sáré pàdé wọn. Ní 1953, BBC ya ìrìn àjò láti Lọ́ńdọ̀nù sí Brighton láti ojú awakọ̀, wọ́n sì yí àwòrán náà kánkán débi pé ìṣẹ́jú 4 péré ló gbà. Lóde òní, àwọn fídíò irú rẹ̀ pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì bí ewé, àwọn mìíràn sì máa ń gùn tó wákàtí mẹ́ta láìsí ẹni tó sọ̀rọ̀ nínú wọn.

Ní ọdún 1898 kan náà, ojú irin tí ìjọba Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í là ní 1896 ti kúrò ní Ìddó, ó sì ti dé ẹ̀bá Abẹ́òkúta. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹta ọdún 1901, Gómìnà William MacGregor ṣí i títí dé Ìbàdàn. Kò tíì pé oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin, tí wọ́n ṣí ojú irin mìíràn ní òkè Scotland, láti Fort William sí Mallaig, èyí tó gba orí afárá Glenfinnan kọjá. Kọnkéré ni wọ́n fi mọ afárá náà, abẹ́ rẹ̀ sì tẹ̀ bí ọrun ní ọ̀nà 21. Ẹgbẹ́ ni ọ̀nà méjèèjì. Kò sí èyí tí wọ́n là nítorí ìran wíwò nínú wọn. Nítorí ẹja òkun ni wọ́n fi la ti Mallaig. Nítorí òwú, epo pupa àti èkùrọ́, àti nítorí kí agbára ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lè rìn jìnnà, ni wọ́n fi la ti Ìbàdàn. Lónìí, àwọn èèyàn ń ti ìlú òkèèrè wá wọ ọkọ̀ eléèéfín kọjá lórí Glenfinnan, pàápàá lẹ́yìn tí àwọn fíìmù Harry Potter ti gbé e jáde. Ti Ìbàdàn kò ní olùwòran.

Bẹ́ẹ̀, bí a bá wo ohun tí ọ̀nà yìí yí padà, kò kéré sí ti Scotland rárá. Àdúgbò tó lè jẹ́rìí sí i jù lọ ni Kúdẹtì, ní gúúsù Ìbàdàn àtijọ́, níbi tí odò tó ń jẹ́ orúkọ kan náà ti ń ṣàn.

David Hinderer, ọmọ Jámánì tó ń ṣiṣẹ́ fún ìjọ CMS, kọ́kọ́ wọ Ìbàdàn ní 1851. Ní 1853 ó padà wá pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, Anna, wọ́n sì kọ́ ilé, ilé ìwé àti ṣọ́ọ̀ṣì sí Kúdẹtì. Ẹsẹ̀, ẹṣin àti èjìká àwọn tó ń ru èèyàn ni ohun ìrìnnà nígbà náà. Ìyẹn kì í ṣe ìyà kan tó le jù. Gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ló ń rìn bẹ́ẹ̀. Ohun tó burú ni pé ọ̀nà ní onílé, onílé sì lè tì í. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, àwọn Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ti ọ̀nà etíkun mọ́ Ìbàdàn. Fún nǹkan bí ọdún márùn-ún, tọkọtaya náà kò rí ọ̀nà jáde. Owó tí wọ́n ń retí láti Èkó kò dé, oògùn kò dé, lẹ́tà kì í fi bẹ́ẹ̀ dé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹrù ilé wọn kí àwọn àti àwọn ọmọ tó wà lọ́dọ̀ wọn lè jẹun. Ní 1865 ni Glover, tó ń ṣàkóso Èkó, rán Ọ̀gágun Maxwell láti gba inú igbó wá yọ wọ́n. Ó dé, ó gbé Anna tó ń ṣàìsàn lọ, ọkọ rẹ̀ tẹ̀lé e lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n fi Ìbàdàn sílẹ̀ pátápátá ní 1869, Daniel Olúbí ló gba àbójútó Kúdẹtì.

Àwọn òǹkọ̀wé máa ń sọ ìtàn yìí bí ẹni pé ti òyìnbó méjì nìkan ni. Ìlú ńlá ló wà nínú àhámọ́ kan náà. Ìbàdàn ní ọmọ ogun tó pọ̀ ju ti ẹnikẹ́ni lọ ní ilẹ̀ Yorùbá lásìkò náà, ṣùgbọ́n kò ní etíkun. Ìbọn, ẹ̀tù àti iyọ̀ gbọ́dọ̀ gba ilẹ̀ ẹlòmíràn kọjá kí ó tó dé Ọjà Ìbà. Nígbà tí ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877, wọ́n tún ti ọ̀nà náà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí àwọn ìjòyè Ìbàdàn fi gbà kí ojú irin gba ilẹ̀ wọn, kí ó ka ọjọ́ àti ọdún tí wọ́n lò láìrí ọ̀nà gbà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1893, nígbà tí Fíjàbí jẹ́ Báálẹ̀, wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú George Denton tó ń ṣe adelé gómìnà Èkó. Ara ohun tí wọ́n fọwọ́ sí ni pé àwọn yóò pèsè ilẹ̀ bí ìjọba bá fẹ́ la ojú irin. Ìwé àdéhùn yẹn náà ló fi Ìbàdàn sábẹ́ òyìnbó. Ẹnu ọ̀nà ṣí, ọwọ́ ẹlòmíràn sì ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà.

Orúkọ Denton yìí ni awakọ̀ kọ́kọ́ máa ń bá pàdé bó bá ń bọ̀ láti Èkó, nítorí afárá Denton ló gbé irin láti erékùṣù Ìddó lọ sí Ẹ̀bùté Mẹ́ta. Ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ àtúnṣe ńlá ti rélùwéè wà. Láti ibẹ̀ títí dé Agége, ilẹ̀ tẹ́jú, iṣẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ fún ẹ̀rọ. Irin Ìbàdàn kò fẹ̀: àárín irin méjèèjì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 3 àti ínǹṣì 6, nígbà tí ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 4 àti ínǹṣì 8 àbọ̀. Owó ló fà á. Irin tóóró lè yí igun tó mú ṣinṣin, nítorí náà àwọn tó là á kò nílò láti gé gbogbo òkè tàbí láti kún gbogbo àfonífojì. Wọ́n kàn ń yí po. Èrò ọkọ̀ kò mọ̀ ju pé ara òun ń fì lọ sọ́tùn-ún, ó ń fì bọ̀ sósì. Lójú awakọ̀, ìyípo kọ̀ọ̀kan jẹ́ ògiri ewé tí kò mọ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀: ó lè jẹ́ màlúù, ó lè jẹ́ igi tí ìjì wó, ó lè jẹ́ obìnrin tó ru igi ìdáná tó ń sọdá.

Kò sì lè yà fún un. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí àwọn tó ń bú awakọ̀ rélùwéè mọ̀ nìyí: ẹni tó ń wa mọ́tò ń darí, ẹni tó ń wa rélùwéè kì í darí. Irin ló ń darí. Eré àti ìdádúró nìkan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọkọ̀ tó wúwo bẹ́ẹ̀ sì máa ń rìn jìnnà kí ó tó dúró. Òye awakọ̀ wá di ìmọ̀ ọ̀nà lórí. Ó gbọ́dọ̀ mọ ibi tí òkè ti bẹ̀rẹ̀ kí ó tó rí i, kí ẹni tó ń koná lè ti kó èédú sí i, kí ooru omi ti pọ̀ tó. Bí iná bá lọ sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ òkè, ẹ̀bẹ̀ kò lè gbé ọkọ̀ náà gòkè. Bí wọ́n bá sì dé orí òkè, wàhálà mìíràn dé, torí ẹrù ẹ̀yìn yóò máa ti ẹ̀rọ síwájú.

Láti Abẹ́òkúta lọ ni ìmọ̀ yìí ti ń di dandan. Àwọn àpáta ńláńlá yọ sójú, irin rékọjá odò Ògùn, ó wọ agbègbè Olókemèjì, níbi tí ìjọba ti ya igbó ọba sọ́tọ̀ ní nǹkan bí ọdún 1899, lásìkò tí wọ́n ń la ojú irin náà gan-an. Ilẹ̀ ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Ọkọ̀ tó kúrò ní etí omi ní Ìddó yóò ti gòkè tó nǹkan bí 200 mítà kí ó tó wọ Ìbàdàn. Ojú irin kan ṣoṣo ló sì wà fún àlọ àti àbọ̀, nítorí náà láti tẹ́ṣàn dé tẹ́ṣàn, awakọ̀ kò gbọdọ̀ ṣí ẹsẹ̀ láìjẹ́ pé ó gba àṣẹ pé kò sí ẹni tó ń bọ̀ níwájú. Èrò á máa kùn pé kí ni wọ́n ń dúró ṣe ní Òmí-Àdìó. Ẹ̀mí wọn ni wọ́n ń dúró dè.

Inú yàrá iwájú yẹn kì í ṣe ibi ìgbádùn. Ooru iná wà níwájú, oòrùn wà lókè, èéfín àti eruku èédú ń wọ ojú. Àwọn tó ń rẹwà fún ọkọ̀ eléèéfín lónìí kì í sábà rántí ẹni tó ń fi ṣọ́bìrì bọ́ ọ. Owó iṣẹ́ kò sì tó nǹkan. Nígbà tí ogun àgbáyé kejì gbé owó ọjà lọ sókè, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè lábẹ́ Michael Imoudu, tí ìjọba ti kọ́kọ́ lé kúrò ní Èkó ní 1943, wà ní iwájú nínú ìdaṣẹ́sílẹ̀ ńlá oṣù Kẹfà ọdún 1945. Ó ju oṣù kan lọ tí àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè fi dúró. Ìjọba tó la irin láti fi di ilẹ̀ mú rí i pé irin kan náà ti so àwọn òṣìṣẹ́ pọ̀ láti Èkó dé Kánò. Ní 1955, iṣẹ́ náà bọ́ sí abẹ́ àjọ tí wọ́n pè ní Nigerian Railway Corporation, láàárín ọdún wọ̀nyẹn náà sì ni ẹ̀rọ dísù bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò ọkọ̀ eléèéfín.

Nílùú Ìbàdàn fúnra rẹ̀, ibi tí awakọ̀ dá ọkọ̀ dúró sí yí ìlú po. Tẹ́ṣàn kò sí ní Ọjà Ìbà, kò sì sún mọ́ Mápó. Apá Dùgbẹ̀, ní ìwọ̀-oòrùn, lẹ́yìn ìlú àtijọ́, ni wọ́n kọ́ ọ sí. Àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó tẹ̀lé e lọ, àwọn ará Lẹ́bánónì tẹ̀lé wọn, Gbági di ọjà aṣọ, kòkó oko sì ń wọ́ lọ síbẹ̀. Bẹẹrẹ, Mápó, Bẹ́yẹrúnkà àti Kúdẹtì kò parẹ́. Agboolé wọn ṣì ń kún, oyè wọn ṣì ń gòkè. Ṣùgbọ́n owó ti rí ẹnu ọ̀nà mìíràn gbà wọlé. Àwọn tí ìtìmọ́lé ọ̀nà pa lára jù lọ kọ́ ni ọ̀nà tuntun kọ́kọ́ sọ di ọlọ́rọ̀.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 1955 tàbí 1965, ọmọ Kúdẹtì tó fẹ́ lọ sí Èkó lè fi ẹsẹ̀ rìn dé tẹ́ṣàn ní àárọ̀ kùtù. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí ojú irin tuntun tí ilé iṣẹ́ CCECC ti Ṣáínà là láti Èkó sí Ìbàdàn, 157 kìlómítà. Irin rẹ̀ fẹ̀ bíi ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó tọ́, ó gé òkè dípò kí ó yí i po, nǹkan bí wákàtí méjì àbọ̀ sì ló fi ń dé. Iṣẹ́ tó dára ni. Àwọn tẹ́ṣàn rẹ̀ ń jẹ́ orúkọ àwọn èèkàn ìlú: Mobọ́lájí Johnson ní Ẹ̀bùté Mẹ́ta, Wọlé Ṣóyínká ní Abẹ́òkúta, Ládòkè Akíntọ́lá ní Òmí-Àdìó, Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Mọníyà. Kò sí èyí tó ń jẹ́ orúkọ awakọ̀ kan nínú wọn.

Irin tóóró àtijọ́ ṣì wà nílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi, koríko bò ó lápá kan, àwọn oníṣòwò tẹ́ ọjà sí i lápá kan. Àwọn tó mọ gbogbo ìyípo rẹ̀ lórí ti fẹ̀yìn tì, wọn kò sì pọ̀ mọ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí ìjọba fẹ́ ti ojú irin Settle sí Carlisle pa, àwọn aráàlú jà títí wọ́n fi gbà á sílẹ̀ ní 1989; ara ohun ìjà wọn ni pé wọ́n mọ ìtàn rẹ̀ láti orí afárá dé orí afárá. Fídíò ojú awakọ̀ lórí ọ̀nà yẹn wà fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́. Ti Olókemèjì sí Dùgbẹ̀, inú orí àwọn bàbá àgbà díẹ̀ ló ṣì wà.

Ìhà àríwá pátápátá ni Mọníyà wà. Ẹni tó ń gbé Kúdẹtì ní láti la Ìbàdàn já kí ó tó débẹ̀, nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, ìgbà mìíràn sì wà tí ìrìn inú ìlú ń fẹ́ gùn tó ìrìn Èkó. Ní iwájú ọkọ̀ tuntun, gíláàsì fẹ̀, afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́, awakọ̀ sì ń rí irin méjì tó tọ́ lọ réré títí wọ́n fi dà bí ẹyọ kan. Kò rí Mápó. Kò rí odò Kúdẹtì.