Òjìjí: Ẹja Ọdẹ Tí Ń Fi Iná Pa Ẹran

Òjìjí (Malapterurus electricus) jẹ́ ẹja omi aláìníyọ̀ tí a ń rí nínú odò Ọya, odò Náílì, odò Fólítà àti adágún Chad. Ìbátan àrọ̀ ni, kò sì ní ìpẹ́. Àwọn kan a máa fi í pe ẹja gígùn bí ejò tó ń ta iná nínú odò Amásónì ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Àṣìṣe ni. Àwọn méjèèjì kò bá ara wọn tan. Lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni iná ti dé ara ìran kọ̀ọ̀kan. Ó sì yẹ kí a ṣọ́ àmì ohùn orúkọ náà, kí a má baà kà á sí òjìji, èyí tí oòrùn ń mú kí ara fà sílẹ̀.

Ara òjìjí sanra rọ̀bọ̀tọ̀, ojú rẹ̀ kéré, irùngbọ̀n mẹ́fà sì yí ẹnu rẹ̀ ká. Ó lè gùn ju mítà kan lọ. Kò ní lẹbẹ́ lẹ́yìn, àfi èyí tó rọ̀ bí ẹran nítòsí ìrù. Kò sì ní ẹ̀gún tí àrọ̀ fi ń gún apẹja lọ́wọ́. Ẹja tó lọ́ra báyìí, tí kò ní ohun gígún, ìbá ti di oúnjẹ ẹja mìíràn bí kì í bá ṣe ti iná ara rẹ̀.

Abẹ́ awọ ni ohun tó ń ṣe iná yìí wà, ó sì wé mọ́ ọ bí aṣọ ìbora. Iṣan ara ni tẹ́lẹ̀ kó tó yí iṣẹ́ padà. Agbára sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n wọ́n tò tẹ̀léra bí bátìrì inú tọ́ọ̀ṣì. Èyí tó yani lẹ́nu jù ni pé sẹ́ẹ̀lì ìmọ̀lára kan ṣoṣo, tó tóbi púpọ̀, ló ń pàṣẹ fún gbogbo ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, òmíràn kan fún òsì. Ìdí nìyí tí gbogbo wọn fi ń ta iná pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó lè tó 350 fóltì. Omi tí kò níyọ̀ kì í gbé iná dáadáa bí omi òkun, nítorí náà agbára kékeré kò ní dé ara ẹran.

Lọ́sàn-án, a máa sá pamọ́ sáàárín àpáta àti gbòǹgbò igi nínú omi dúdú. Bí ilẹ̀ bá ṣú, a jáde wá ẹja kéékèèké, a ta wọ́n níná, a sì gbé wọn mì kí wọ́n tó ta pútú.

Iná rẹ̀ kì í sábà pa ènìyàn, ṣùgbọ́n ó lè mú kí apẹja ju àwọ̀n sílẹ̀. Bí ó bá ta á léraléra, agbára rẹ̀ a máa dínkù. Àwọn ará Íjíbítì ayé àtijọ́ mọ̀ ọ́n. Àwòrán rẹ̀ wà lára ògiri ibojì Ti ní Saqqara. Ní Nàìjíríà, Sagua ṣàpèjúwe ẹ̀yà mìíràn láti Kainji ní 1987, ó sì sọ ọ́ ní Malapterurus minjiriya. Minjiriya ni àwọn Hausa ń pe òjìjí.