Bẹ́líìtì Tó Mọ Ìgbà Tó Yẹ Kó Há

Tẹ́ ẹ bá wọ ọkọ̀ lónìí, ẹ dán nǹkan kan wò. Ẹ rọra fa bẹ́líìtì ìjókòó yín, á máa tẹ̀lé ọwọ́ yín wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ wá fà á lójijì, á há pátápátá, àfi bíi pé ẹnì kan dì í mú látinú ara ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ wa la ti bá a fà á rí ní kékeré, tá a rò pé ó ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́ o. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló ń jẹ́. Àmọ́ ó pẹ́ kí bẹ́líìtì tó mọ iṣẹ́ yìí, torí nǹkan mẹ́ta ló ní láti kọ́: kó di èèyàn mú, kó fún un láyè, kó sì mọ ìgbà tó yẹ kó dẹwọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó ń bá jà. Tí ọkọ̀ tó ń sáré kìlómítà 50 ní wákátì kan bá kọlu ògiri, ọkọ̀ nìkan ló dúró. Ẹni tó wà nínú ẹ̀ ṣì ń bá eré yẹn lọ, títí nǹkan kan á fi dá a dúró. Bí ìgbà téèyàn já bọ́ láti òkè tó ga tó mítà 10 ni. Kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ ti dáṣíbọ́ọ̀dù kó fi gba irú ẹ̀, bó ti wù kó taagun tó.

Ṣé ara èèyàn tiẹ̀ lè fara da irú ìdúró òjijì bẹ́ẹ̀? Dókítà ọmọ ogun òfuurufú Amẹ́ríkà kan, John Paul Stapp, fi ara ẹ̀ dáhùn ìbéèrè yìí. Lọ́jọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 1954, ní New Mexico, wọ́n de Stapp mọ́ ìjókòó kan tí rọ́kẹ́ẹ̀tì ń tì lórí irin bíi ti rélùwéè. Eré ẹ̀ lé ní kìlómítà 1,000 ní wákátì kan, ó sì dúró láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì péré. Ẹ̀jẹ̀ dà sí ẹyinjú ẹ̀, kò ríran fúngbà díẹ̀, àmọ́ kò kú, ojú ẹ̀ sì padà. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ara wa lágbára ju bá a ṣe rò lọ, tí wọ́n bá dè é dáadáa.

Àmọ́ bẹ́líìtì tó wà nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ nígbà yẹn, ìbàdí nìkan ni ọ̀pọ̀ ẹ̀ ń dè. Tí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan, òkè ara á ká síwájú, orí á lọ gbá dáṣíbọ́ọ̀dù, bẹ́líìtì á sì rì wọnú ikùn. Lọ́dún 1958, iléeṣẹ́ Volvo ní Swídìn gba ẹnjiníà kan tó ń jẹ́ Nils Bohlin. Saab ló ti ń bọ̀, níbi tó ti ń ṣe ìjókòó tó máa ń ju awakọ̀ òfuurufú jáde tí bàlúù bá fẹ́ já. Bohlin mọ̀ pé awakọ̀ òfuurufú lè ní sùúrù láti di okùn mẹ́rin márùn-ún mọ́ra. Ẹni tó kàn fẹ́ ra búrẹ́dì kò ní í gbà. Bẹ́líìtì tó ṣe lọ́dún 1959 ló wà lára wa títí dòní: ó gba èjìká kọjá àyà, ó gba ìbàdí, ọwọ́ kan sì tó láti dè é. Volvo gba pátẹ́ǹtì lórí ẹ̀, síbẹ̀ wọ́n jẹ́ kí àwọn iléeṣẹ́ tó kù lò ó láìgba kọ́bọ̀.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Ìkejì ńkọ́? Bẹ́líìtì ìgbà yẹn kì í gùn, kì í kúrú fúnra ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fún un, ọwọ́ yín ò ní tó rédíò. Tẹ́ ẹ bá dẹ̀ ẹ́, ó di ọ̀ṣọ́ lásán. Lọ́dún 1955, C. Hunter Shelden, dókítà oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní Pasadena, ti kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà Amẹ́ríkà pé kí wọ́n ṣe bẹ́líìtì tó lè ká ara ẹ̀ wọlé. Orí fífọ́ tí wọ́n ń gbé wá sílé ìwòsàn ti pọ̀ jù lójú ẹ̀.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Bẹ́líìtì wé mọ́ rólà kan, sípíríǹgì sì ń fà á padà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, bọ́ọ̀lù irin kékeré kan jókòó sínú nǹkan tó rí bí abọ́. Tí ọkọ̀ bá dúró lójijì, bọ́ọ̀lù yẹn á yí gun etí abọ́, á ti ìkọ́ kan sókè, ìkọ́ á bọ́ sáàárín eyín rólà, ó parí. Ìkọ́ míì tún wà tó ń ṣọ́ bẹ́líìtì fúnra ẹ̀: tó bá ti ń jáde kíákíá jù, òun náà á mú un. Ìyẹn lẹ fọwọ́ dán wò lẹ́ẹ̀kan.

Síbẹ̀, bẹ́líìtì tó há tí kò dẹwọ́ rárá lè ṣẹ́ egungun ìhà, pàápàá ti àgbàlagbà. Àwọn àgbà ní bá a bá fọwọ́ òsì na ọmọ, ká fọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Ẹ̀kọ́ kẹta nìyí. Wọ́n fi ọ̀pá irin kan sínú rólà. Tí agbára bá ti kọjá ìwọ̀n kan, ọ̀pá yẹn á máa lọ́ díẹ̀díẹ̀, bẹ́líìtì á máa tú díẹ̀díẹ̀, eré tí ì bá fọ́ àyà á parí sára irin. Lọ́dún 1981, Mercedes-Benz tún fi ohun tó ń lo ẹ̀tù díẹ̀ kún un: bí ọkọ̀ bá ti kọlu nǹkan, ẹ̀tù á bú, á fa bẹ́líìtì le kí ara tó lọ síwájú.

Ìdí tí mo fi ń sọ gbogbo èyí rèé. Ọ̀pá tó ti lọ́ kì í padà. Ẹ̀tù tó ti bú ti bú nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni irú bẹ́líìtì bẹ́ẹ̀ ń gbani. Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ ra tòkunbọ̀ tó ti ní jàǹbá lókè òkun, tí wọ́n kùn ún tó ń dán gbinrin, ẹ má wo bọ́dì nìkan. Ẹ fa bẹ́líìtì. Ṣé ó ń jáde? Ṣé ó ń padà? Ṣé ó há nígbà tẹ́ ẹ fà á lójijì? Ẹ tún bi wọ́n bóyá wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ lẹ́yìn jàǹbá, torí ojú lásán ò lè rí ọ̀pá tó ti lọ́.

Àtàwa tá a máa ń fi bẹ́líìtì lé àyà láìkì í bọ̀ ọ́, torí pé Road Safety wà níwájú: bọ́ọ̀lù irin yẹn ò mọ Road Safety. Ó máa yí, ìkọ́ máa mú, rólà máa há. Àwa nìkan ni kò ní sí níbi tí wọ́n ti ń dúró dè wá.