Ìdí Tí A Fi Ń Wẹ Ọwọ́

Àwọn àgbà a máa wí pé, ọmọdé tí ó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ yóò bá àgbà jẹun. Ní 2014, nígbà tí àrùn Ebola dé Èkó, tí ó sì pa ènìyàn 8 ní Nàìjíríà, a gbé omi àti ọṣẹ sí ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé. Nígbà tí ẹ̀rù lọ, ọ̀pọ̀ wa dẹ́kun. Bí ọmọ kan ní Ìlárá-Mọ̀kín bá wá bi wá pé, “Ọwọ́ mi mọ́, èéṣe tí n ó fi wẹ̀ ẹ́ kí n tó jẹ iyán?” kí ni àwa olùkọ́ yóò wí?

Ẹ jẹ́ kí a sọ ìtàn Ignaz Semmelweis fún un, oníṣègùn ní ilé ìwòsàn ńlá ìlú Vienna. Ní oṣù April 1847, nínú 100 ìyá tí ó bímọ ní ẹ̀ka tirẹ̀, bí 18 ni ó kú. Ó wòye pé àwọn oníṣègùn ń ti ibi tí wọ́n ti ń la òkú wá gbẹ̀bí. Ojú kò rí nǹkan kan ní ọwọ́ wọn, ṣùgbọ́n òórùn òkú ń bẹ níbẹ̀. Ní oṣù May ó mú kí wọ́n máa fi omi olóògùn wẹ ọwọ́. Ní oṣù June, bí 2 péré ni ó kú nínú 100. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ oníṣègùn kò gbà á gbọ́.

Ohun tí ojú kò rí ni ó ń ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bá ọwọ́ dé ẹnu, tí ó ń di ìgbẹ́ gbuuru. Nítorí náà, kí gbogbo ilé máa ti ọwọ́ bọ abọ́ omi kan náà kò tó: ọṣẹ ni ó ń tú kòkòrò, omi tí a dà sí ọwọ́ ni ó ń gbé e lọ. Ẹ jẹ́ kí ọmọ mọ ìdí rẹ̀, kí ó lè máa ṣe é nígbà tí ẹ̀rù kò sí.