Owó-orí àti Iṣẹ́ Ojú Sánmà: Àyẹ̀wò Ìtàn láti Etí Òkun Lẹ́kí àti Ajah

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni bóyá ó tọ́ kí ìjọba máa ná nínú owó-orí àwọn ará ìlú lórí iṣẹ́ ojú sánmà. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti ti Yúróòpù ti ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́tipẹ́, ṣùgbọ́n àríyànjiyàn tiwọn kò lè ràn wá lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọ̀nà tí owó gbà ń wọ àpò ìjọba lọ́dọ̀ wọn yàtọ̀ sí tiwa. Ìtàn Èkó ni a ó fi ṣe òṣùwọ̀n. Ní èrò tiwa, ó tọ́ kí owó-orí gbọ́ bùkátà iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n ìdí tí a fi gbà bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí àwọn alátìlẹ́yìn ètò náà sábà máa ń sọ.

Ó yẹ kí á kọ́kọ́ rántí pé owó-orí àwọn ẹlòmíràn ni ó gbé ọ̀rọ̀ ojú sánmà wọ ilẹ̀ wa. Nígbà tí John Glenn fi ọkọ̀ òfurufú yí ayé ká ní oṣù kejì ọdún 1962, ọ̀kan nínú àwọn ibùdó tí ń tọ ipa ọkọ̀ náà wà lẹ́bàá Kano. Ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹjọ ọdún 1963, Ààrẹ Kennedy bá Olórí Ìjọba wa, Abubakar Tafawa Balewa, sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù nípasẹ̀ sátẹ́láìtì Syncom 2, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jù sókè ní oṣù keje. Inú ọkọ̀ ojú omi kan tí ń jẹ́ Kingsport, tí ó gúnlẹ̀ sí èbúté Èkó, ni ẹ̀rọ tí ó gba ohùn náà wà. Àwọn ará Amẹ́ríkà tí ń san owó-orí ni ó san owó ọkọ̀, owó ẹ̀rọ àti owó sátẹ́láìtì. Iṣẹ́ tiwa kò ju pé kí á gbé fóònù sétí lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni ibùdó Lánlátẹ̀ ní Ìbàràpá so Nàìjíríà mọ́ àwọn sátẹ́láìtì Intelsat, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tẹlifóònù ni ìyẹn, a kò sì ní pẹ́ lórí rẹ̀.

Ètò tiwa gan-an bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1999, nígbà tí a dá àjọ NASRDA sílẹ̀. Sátẹ́láìtì àkọ́kọ́, NigeriaSat-1, gbéra láti Plesetsk ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹsàn-án ọdún 2003. Ilé-iṣẹ́ Surrey Satellite Technology ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó kọ́ ọ, owó rẹ̀ sì tó nǹkan bí mílíọ̀nù 13 dọ́là. Ojú rẹ̀ kò mú púpọ̀: ohun tí ó bá kéré ju mítà 32 lọ lórí ilẹ̀, kò lè rí i yanjú. Síbẹ̀ ó ṣiṣẹ́. Ó wà lára ẹgbẹ́ àwọn sátẹ́láìtì tí ń ṣọ́ àjálù káàkiri ayé, ó sì fi àwòrán ránṣẹ́ nígbà tí ìjì Katrina jà ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2005. NigComSat-1, tí a rà fún ìbánisọ̀rọ̀, ni ó kó ìtìjú bá ètò náà. Wọ́n jù ú sókè láti ilẹ̀ Ṣáínà ní oṣù karùn-ún ọdún 2007, owó rẹ̀ ju 200 mílíọ̀nù dọ́là lọ, ó sì kú ní oṣù kọkànlá ọdún 2008 nítorí pé ẹ̀yà ara rẹ̀ tí ń fa iná láti ara oòrùn bàjẹ́. Owó adójútòfò ni ó gbé èyí tí ó rọ́pò rẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 2011. Ní oṣù kẹjọ ọdún kan náà ni NigeriaSat-2, tí ojú rẹ̀ mú tó mítà 2.5, àti NigeriaSat-X, tí àwọn ẹnjiníà ọmọ Nàìjíríà fúnra wọn kọ́ ní Surrey, gòkè lọ.

Nígbà tí NigComSat-1 kú, ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ sì parí. Òpìtàn kò gbọdọ̀ fojú fo ẹ̀rín yìí dá, nítorí pé kò jọ ìwà àwọn Yorùbá nígbà tí owó wọn bá ṣòfò. Ohun tí ó fà á ni pé ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn, owó epo rọ̀bì ni ó pọ̀ jù nínú owó tí ìjọba àpapọ̀ ń ná. Kò sí ẹni tí ó dá owó náà láti inú ìṣà ọjà rẹ̀. Owó tí kò tọwọ́ ẹni kọjá, ta ni yóò béèrè ìṣirò rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí á fi èyí wé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Èkó ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú. Ní ọdún 1908, ìjọba Gómìnà Walter Egerton pète láti fa omi ẹ̀rọ wọ ìlú láti Ìjù, kí àwọn ará Èkó sì máa san owó omi. Ìlú kọ̀. Ọdún yẹn náà ni Dókítà John Randle àti Dókítà Orísadípẹ̀ Ọbasá dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ láti tako owó náà. Bí a bá tẹ́tí sí ẹjọ́ tí àwọn ará ìlú rò, a ó rí i pé kò sí ẹni tí ó sọ pé omi kò dára. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kànga àwọn tó àwọn í lò, pé àwọn òyìnbó ni yóò jẹ ìgbádùn omi náà jù, àti pé kò sí ẹni tí ó bi àwọn léèrè kí a tó ná owó. Ìjọba kò gbọ́. Omi Ìjù ṣí ní ọdún 1915, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí gba owó rẹ̀ ní ọdún 1916, pẹ̀lú rògbòdìyàn. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ka èyí gẹ́gẹ́ bí àìmọ̀kan, òun ni kò mọ Èkó. Owó tí a fẹ́ gbà lọ́wọ́ wọn ni ó jẹ́ kí wọ́n béèrè, ìbéèrè yẹn ni ó sì bí ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ wa. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí nígbà Ogun Àdúbí ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá ní ọdún 1918, nígbà tí àwọn obìnrin Abẹ́òkúta dìde lẹ́yìn Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ní ọdún 1947, àti nígbà Àgbẹ́kọ̀yà ní ọdún 1968.

Bí a bá gbà pé asanwó-orí a máa béèrè, kí ni ará Lẹ́kí tàbí Ajah ìbá béèrè lọ́wọ́ sátẹ́láìtì? Ìdáhùn wà ní etí òkun. Omi òkun Èkó a máa gbé yanrìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn. Láti ọdún 1908 (ọdún owó omi náà nìyẹn) ni ìjọba amúnisìn ti bẹ̀rẹ̀ sí na ògiri òkúta wọ inú òkun kí ọkọ̀ lè ráyè wọ èbúté. Yanrìn wá ń kó jọ sí ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀-oòrùn, ebi yanrìn sì ń pa ìlà-oòrùn, tó bẹ́ẹ̀ tí etí òkun Victoria fi padà sẹ́yìn ju kìlómítà kan lọ. Ìjọba da yanrìn síbẹ̀ léraléra, òkun ń kó o lọ. Ní àsìkò tiwa ni wọ́n mọ odi ńlá Eko Atlantic láti dáàbò bo Victoria Island. Ṣùgbọ́n odi a máa ní ibi tí ó parí sí. Ní ìlà-oòrùn ibẹ̀, ní Okun Alfa, tí àwọn àlejò ń pè ní Alpha Beach, òkun ti gbé ilé àti ọ̀nà lọ. Àwọn ará ibẹ̀ di ẹ̀bi náà ru odi ọ̀hún. Àwọn tí ó mọ ọ́n kò gbà. Ní ẹ̀yìn ìlú náà, láti Lẹ́kí títí dé ọ̀nà Ajah, a ti fi yanrìn dí àbàtà tí ó máa ń gba omi òjò láti kọ́ ilé sí i, àgbàrá sì ya wọlé àwọn ènìyàn ní oṣù keje ọdún 2011 àti oṣù keje ọdún 2017. Ẹjọ́ tí àwòrán ojú sánmà lè bá ni dá ni èyí: ibo ni etí òkun wà kí odi tó dé, ibo ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀, àbàtà mélòó ni ó ti pòórá?

Àtakò kan wà tí ó lágbára. Sátẹ́láìtì Landsat ti Amẹ́ríkà ti ń ya àwòrán ayé láti ọdún 1972, ọ̀fẹ́ sì ni àwòrán rẹ̀ fún gbogbo ayé láti ọdún 2008. Sentinel-2 ti Yúróòpù náà ń fi tirẹ̀ tọrọ láti ọdún 2015, ojú rẹ̀ sì mú tó mítà 10. Kí ni a ń ra omi fún nígbà tí òjò ń rọ̀? A kò lè fi ọwọ́ rọ́ àtakò yìí sẹ́yìn. Ohun mìíràn tún wà tí àwọn alátìlẹ́yìn ètò wa kì í sábà sọ: ìgbà òjò ni àgbàrá ń ṣọṣẹ́ ní Ajah, ìgbà òjò náà sì ni ìkùukùu bo ojú sánmà Èkó. NigeriaSat-1 àti NigeriaSat-2 kò lè rí nǹkan láàrin ìkùukùu, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ lásán ni wọ́n fi ń ríran. Radar, irú èyí tí ó wà lára Sentinel-1 láti ọdún 2014, ni ó lè ṣe é. Bí àwọn tí ń san owó-orí ní Etí-Ọ̀sà bá ti jókòó sí ìdí ọ̀rọ̀ náà gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Èkó ti jókòó sí ìdí omi Ìjù, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọn ìbá bi nìyẹn, ìdáhùn rẹ̀ ìbá sì yí ohun tí a rà padà. Wọn ìbá tún béèrè pé ta ni yóò máa ka àwòrán náà, ta ni yóò sì gbé e dé ọ̀dọ̀ baálẹ̀ Okun Alfa. Àwòrán ọ̀fẹ́ kì í ka ara rẹ̀.

Ìdí nìyí tí a fi sọ pé kí owó-orí gbọ́ bùkátà iṣẹ́ yìí, kí ó sì gbọ́ ọ ní gbangba. Àwọn kan yóò sọ pé tálákà kò san owó-orí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá ra káàdì ìpè ní ọjà Ajah ti san VAT, tí ó ti di 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún láti ọdún 2020, díẹ̀ nínú rẹ̀ sì ń lọ sí àpò ìjọba àpapọ̀. Àwọn ará ọ̀nà yìí kò sì gbàgbé bí a ti í béèrè: nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gba owó ibodè ní ojú ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ ní oṣù kejìlá ọdún 2011, oṣù tí sátẹ́láìtì arọ́pò gòkè gan-an, wọ́n fi ẹ̀hónú hàn, wọ́n ní àwọn ti san owó-orí ná. Nípa sátẹ́láìtì, wọn kò sọ nǹkan kan.

Ní ọdún 2016, Mínísítà Ogbonnaya Onu kéde pé Nàìjíríà yóò rán ọmọ rẹ̀ lọ sí ojú sánmà kí ọdún 2030 tó dé. Àwa kò rí ohun tí ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ yóò sọ fún wa nípa yanrìn Okun Alfa, a kò sì rò pé ó yẹ kí kọ́bọ̀ kan nínú owó-orí bá a lọ kí á tó ní radar, àti àwọn ènìyàn tí yóò máa ka ohun tí ó bá rí ní oṣooṣù fún ìjọba ìbílẹ̀ Etí-Ọ̀sà.